Wíìlì Máṣíìnì Màmá Wa

Bí ẹ bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ wa rí, ẹ ti rí iṣẹ́ ọwọ́ àbúrò mi. Wíìlì kan ni, tó máa ń yí lójú fóònù yín títí àwọn ìjókòó tó ṣófo yóò fi jáde. Gbogbo èrò ló rò pé táyà bọ́ọ̀sì ni. Táyà kọ́ o! Wíìlì máṣíìnì tí màmá wa fi ń ránṣọ ni, pẹ̀lú etí rẹ̀ tó fọ́ níbì kan nígbà tí a ń kó kúrò nílé àtijọ́.

Ọ́fíìsì kan náà la ti jọ ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń rí sí i pé ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì wa tètè ṣí, òun ló ń ya àwọn nǹkan tó ń mira níbẹ̀. Jẹ́jẹ́ la ń pè é nílé, torí kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìkánjú. Wíìlì lásánlàsàn, ẹ̀yin èèyàn mi, ó ń fi ọ̀sẹ̀ gorí ọ̀sẹ̀! Mo ní, "Ṣé o fẹ́ bí i ni?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò tíì rìn bí ẹsẹ̀ Màmá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ó gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, ó ń wo bí ẹsẹ̀ wọn ṣe ń tẹ máṣíìnì: á kọ́kọ́ falẹ̀, á wá sáré, á tún rọlẹ̀ tí aṣọ bá dé ibi tó ti kọ igun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló kọ ọ́ sínú kóòdù. Ó fi àwọ̀ dúdú tó ti ń ṣá kùn ún, bí ti máṣíìnì náà gan-an.

Àìsàn kékeré ló mú un lọ. Kékeré ni mo pè é, torí a ò kà á sí. A ní kó lo oògùn, kó lọ sùn. Kò jí. Ọmọ tí kì í kánjú sí ohunkóhun, ikú ló wá kánjú sí. Ó dùn mí wọ egungun, kò sì tíì tán lára mi.

Màmá kò sunkún. Àwọn tó wá kí wọn ló ń sunkún, Màmá ló ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni wọ́n ń ṣí fóònù, wọ́n á yan ìlú tí wọn kò ní lọ, wọ́n á wo wíìlì náà títí ìjókòó fi jáde, wọ́n á tún padà sẹ́yìn. Wọ́n á wá pè mí: "Mo ti rí àbúrò ẹ láàárọ̀ yìí o. Ó ń ṣe dáadáa." Mo máa ń ní, "Ó dáa, Màmá," màá sì lọ sunkún sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ́fíìsì.

Ìgbà tó yá, ọ̀gá wa ní àwọn èrò ń ráhùn. Ó ní, "Ojú ewé yìí ń wọ́ ẹsẹ̀. Bá wa ṣe é kó yá." Iṣẹ́ mi nìyẹn, mo sì mọ̀ ọ́n. Mo tú u palẹ̀, mo tún un tò. Nígbà tí a dán an wò, ìjókòó ti jáde kéèyàn tó ṣẹ́jú. Gbogbo ọ́fíìsì pàtẹ́wọ́ fún mi, mo ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé níbi tí kò bá ti sí ìdúró, wíìlì kò ní yọjú.

Ìpè Màmá ló là mí lójú. "Kí lẹ ṣe fún ọmọ mi? Mo yan ìlú kan, kò yọ. Mo yan òmíràn, kò yọ. Ṣé fóònù mi ló bàjẹ́ ni?"

"Màmá, ojú ewé náà ló ti yá."

"Ta ló ní kó yá?"

Mo ní, "Èmi ni." Wọ́n pa fóònù mọ́ mi létí.

Mo wọlé tọ ọ̀gá lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n dá ojú ewé náà dúró díẹ̀, kí wíìlì ṣáà yí lẹ́ẹ̀kan péré. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ náà mọ̀ pé mo fẹ́ràn àbúrò ẹ. Ṣùgbọ́n ṣé ká wá máa dá alààyè dúró nítorí òkú?" Inú bí mi débi pé mo fẹ́ẹ̀ já ilẹ̀kùn rẹ̀ yọ. Ohun tó wá dùn mí jù ni pé kò purọ́.

Mo ṣe ojú ewé kan lọ́tọ̀ fún Màmá. Wíìlì nìkan ló wà níbẹ̀, mo ní kó máa yí láìdúró. Mo bá wọn nídìí máṣíìnì, aṣọ oníbàárà ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Mo gbé fóònù lé wọn lọ́wọ́.

Ojú wọn tàn. "Áà! Òun nìyí! Wò ó bó ṣe ń rìn!" Ọkàn mi balẹ̀.

Wọ́n ń wò ó, ó ń yí. Ó pẹ́, wọn kò gbé e sílẹ̀. Wọ́n wá sún un mọ́ ojú.

"Kí ló wá ń gbé bọ̀?"

"Kò gbé nǹkan kan bọ̀, Màmá. Ó kàn ń yí ni."

"Kò ní ṣí?"

"Kò ní ṣí."

"Bí mo bá dúró ńkọ́? Mo lè dúró o. Kò sí ibi tí mò ń lọ."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Kódà bó pẹ́..."

"Kò sẹ́ni tó ń bọ̀, Màmá."

Ìgbà náà ni wọ́n sunkún. Wọ́n gbé ọwọ́ lé orí, wọ́n ń pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ, kì í ṣe Jẹ́jẹ́. Fóònù jábọ́ sílẹ̀. Mo gbá wọn mọ́ra, kò sì sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé fóònù náà nínú wa.