Ọwọ́ Ta Ló Wà?

"Ta ló mú Ìmísí?" ni Jàrátù béèrè.

Tóyìn, ìyàwó àbúrò ọkọ Jàrátù, rẹ́rìn-ín. "Ó dúró sẹ́yìn mi níbí, Ìyá Muaz."

"Mi ò bi ọ́ níbi tó dúró sí. Ọwọ́ ta ló wà?"

Ẹ̀rín pa mọ́ Tóyìn lẹ́nu. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Ìgbà kẹta nìyí lọ́sàn-án ọjọ́ náà tí Jàrátù ń kó gbogbo ilé sáré láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé abẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àlàájì tó wà lódìkejì títì, tí wọ́n tún ń padà. Àwọn ará àdúgbò ń wò wọ́n bí ẹni ń wo wèrè. Kí wọ́n máa wò! Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún tó kọjá ni ìjì ṣí òrùlé ilé wọn, tí ògiri yàrá Ìyá, ìyá ọkọ rẹ̀, sì wó. Ẹ kúkú mọ bí agbo ilé ti rí: ibi tí oorun bá ti gbé ọmọdé ni yóò sùn sí. Jàrátù rò pé Ṣèyífúnmi, àbíkẹ́yìn òun, wà lọ́dọ̀ Tóyìn. Tóyìn rò pé ó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Adétúnjí, ọkọ Jàrátù, sáré wọ yàrá nínú òkùnkùn, ó gbé ìyá rẹ̀ jáde. Ìyá náà rò pé wọ́n ti gbé ọmọ tó sùn ti òun lọ. Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n tó wojú ara wọn. Abẹ́ ògiri ni wọ́n ti fa ọmọ náà yọ, ẹ̀mí ti bọ́.

Láti ìgbà náà, ìkíni nìkan ló kù láàárín Jàrátù àti Ìyá. "Ẹ káàárọ̀, Ìyá." "Kára ó le, ìyàwó." Ó parí.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wá sọ lọ́jà Òmù-Àrán pé ìjì ọdún yìí yóò le, kí ilé kọ̀ọ̀kan ti mọ ibi tí wọn yóò sá sí, àwọn ènìyàn ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí i. Jàrátù ti rí tirẹ̀. Ó di tọ́ọ̀ṣì àti oògùn sínú àpò, ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi sẹ́nu ọ̀nà, ó sì pín ọmọ fún àgbà.

"Muaz, ọwọ́ bàbá rẹ. Ìmísí, ọwọ́ ìyá rẹ. Bí ìjì bá dé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rò pé. Kó mú un dání ni."

Adétúnjí mí kanlẹ̀. "Ìyá Muaz, ó tó báyìí. Bí wọ́n ṣe tọ́ àwa náà nílé yìí nìyí. Ẹnìkan ní ń bímọ, igba ènìyàn ní ń bá a wò ó."

"Igba ènìyàn ló ń wo Ṣèyífúnmi lọ́jọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó mú un dání."

Kò sẹ́ni tó tíì dá orúkọ yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín. Adétúnjí sorí kọ́. Tóyìn rọra béèrè pé, "Ẹ̀yin alára ńkọ́? Ta lẹ ó mú?"

Jàrátù wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Gbogbo wọn bá yíjú sí Ìyá, tó jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí orúnkún rẹ̀ ò gbé e mọ́. Kò sẹ́ni tí wọ́n pín Ìyá fún. Kì í ṣe pé Jàrátù gbàgbé. Ó mọ ìdí tó fi fi Muaz há Adétúnjí lọ́wọ́: kó má baà ráyè gbé ìyá rẹ̀. Adétúnjí náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ má wò mí," ni Ìyá wí. "Èmi arúgbó ni wọ́n gbé lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ náà ló yẹ kí wọ́n gbé. Bí òmíràn bá dé, ẹ fi mí sílẹ̀ níbi tí mo fi í sílẹ̀ sí."

Ààrá sán lọ́nà Àrán-Ọ̀rin. Ojú ọ̀run ti ń dúdú bọ̀. Inú Jàrátù ń gbóná, ó ń dùn ún, kò mọ èwo ni kó mú níbẹ̀. Ó wọ yàrá, ó tú ìsàlẹ̀ àpótí, ó sì jáde pẹ̀lú ọ̀já Ṣèyífúnmi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Ìyá, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

"Ẹ jẹ́ n pọ̀n yín."

"Ọmọ là ń pọ̀n, ìyàwó."

"Inú mi ò tíì yọ́ sí yín, Ìyá, mi ò ní purọ́. Ẹ gun ẹ̀yìn mi."

Apá gbígbẹ méjì rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Tóyìn bá a gbá ọ̀já náà yí wọn ká, ó sì so ó. Jàrátù dìde. Ìyá ò wúwo tó bí ó ti rò.

"Ó yá," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká tún un sá."