Hẹ́là Lẹ́nu Ọmọ Orí Kẹ̀kẹ́

Nígbà tí Elédùmarè ń pín ẹrù fún èdè gbogbo, kò pín in lọ́gbọọgba. Tiwa gba ọ̀rọ̀ tí ń fi agbára kún ọ̀rọ̀, débi pé àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀: funfun ní báláú, pupa ní fòò, dúdú ní kirikiri, ọ̀kan kì í yá èkejì lò. Ẹni tó bá ní aṣọ òun funfun kirikiri, ọmọdé á fi í rẹ́rìn-ín. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí gba ọ̀nà mìíràn. Hẹ́là kan ṣoṣo, tó túmọ̀ sí púpọ̀púpọ̀, ni wọ́n fi ń la igbó gbogbo: òtútù mú hẹ́là, oúnjẹ dùn hẹ́là, èrò pọ̀ hẹ́là.

Ìyá Ògbufọ̀ mọ ọ̀nà méjèèjì, ó kéré tán bẹ́ẹ̀ ló rò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi Yorùbá sẹ́nu àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú fíìmù, kí ó sì bá ètè wọn mu: bí ètè bá là, kí ọ̀rọ̀ là, bí ó bá pàdé, kí ó pàdé. Fíìmù tó wà níwájú rẹ̀ jẹ́ ti ọmọkùnrin kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ jíṣẹ́ káàkiri ìlú, tí kì í sọ gbólóhùn méjì láìfi hẹ́là sí i.

Àbúrò ọkọ rẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Ọ̀gá, ló ni ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣe é. Ó yọjú sí yàrá ìgbohùn.

"Ìyàwó wa, gan-an ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ jálẹ̀, ká ríbi lọ."

"Ọkọ mi, gan-an? Èyí tí ìyá arúgbó fi ń ròyìn ẹsẹ̀ dídùn? Ẹ fi mí sílẹ̀ o."

"Àwọn tó ni fíìmù ń bọ̀ lọ́la. Bí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní òkè ilé wa, tá a pè wá wò ó, ò bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíràn, wọ́n á sì yọ orúkọ yín kúrò."

"Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí òwú á fi já lábẹ́rẹ́ wọn."

Ó wá fún hẹ́là kọ̀ọ̀kan ní aṣọ tó yẹ ẹ́. Olóhùn, obìnrin tó ń yá ọmọ náà ní ohùn, dúró ti ẹ̀rọ, ó ń ké: "Ó tutù nini! Ó ga fíofío! Ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu!"

Nírọ̀lẹ́, wọ́n pe àwọn ọ̀dọ́ aránṣọ náà sọ̀kalẹ̀ láti kọ́kọ́ dán an wò. Wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin tó dàgbà jù nínú wọn ní:

"Ìyá, ẹ má bínú o. Ṣé kì í ṣe pé ọmọ yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Wọ́n mà rẹ́rìn-ín, ìyàwó wa," ni Ọ̀gá wí.

Ìyá Ògbufọ̀ fa ìwé rẹ̀ mọ́ra. Àgbà tó bá ṣìnà, ọ̀nà ló ń béèrè. "Ẹ má tíì lọ," ló wí fún wọn. "Ẹ ròyìn ọ̀gá tó ń kọ́ yín ní aṣọ rírán fún mi."

"Há! Ọ̀gá wa le gidi!"

"Yàrá yẹn gbóná gidi, Ìyá."

"Ebi tiẹ̀ ń pa èmi gidi."

Ó di ojú, ó ń gbọ́. Ó yé e wàyí pé hẹ́là kì í wọn òtútù, bẹ́ẹ̀ ni kì í wọn gíga. Ṣe ló ń ka ẹni tó ń sọ ọ́ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó ṣe jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo, ìyẹn ni ọrọ̀ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi burúkú dípò hẹ́là, ètè pàdé níbi tí tọmọ náà ti là. Ó jù ú nù. Gidi ṣe rẹ́gí. Ó tú aṣọ gbogbo tó ti rán, ó fi gidi dípò wọn.

Ibì kan ni kò fọwọ́ kàn: ibi tí ọmọ náà ti gúnlẹ̀ sí etí òkun lówùúrọ̀, tó ní ó dákẹ́ rọ́rọ́.

"Hẹ́là ló wí níbẹ̀ náà," ni Ọ̀gá wí.

"Òun nìkan ló wà níbẹ̀, ọkọ mi. Ta ló fẹ́ ṣe gidi fún?"

Lọ́jọ́ kejì, àwọn tó ni fíìmù wá. Àwọn aránṣọ rẹ́rìn-ín, wọ́n ń lu ara wọn léjìká, wọ́n ń bá ọmọ orí kẹ̀kẹ́ ké gidi. Nígbà tó dé etí òkun, kò sẹ́ni tó mira. Ọmọbìnrin tó dàgbà jù ń fi etí gèlè nu ojú.

Fíìmù náà kò kúrò ní ilé iṣẹ́ wọn, orúkọ Ìyá Ògbufọ̀ sì jáde lójú àwòrán. Ọmọbìnrin aránṣọ náà gba òmìnira, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òpópónà kejì. Olóhùn ń sọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọdé inú fíìmù títí di òní. Ọ̀gá kò dárúkọ gan-an mọ́. Ìyá Ògbufọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan náà, kò sì sí ẹni tó gbọ́ gidi lẹ́nu òun fúnra rẹ̀ rí.