Ọwọ́ tí Sìlífátù Nà sí Bàbá Rẹ̀

Kí ni ǹ bá sì sọ? Ṣé kí n dìde láàárín àwọn òbí, kí n ní èmi ni? Kí Ọ̀gá ilé ìwé wá... rárá. Ẹnu mi wúwo lọ́jọ́ náà. Ó ṣì wúwo báyìí tí mo jókòó nìkan sí kíláàsì, tí mò ń wo àga Sìlífátù tó ṣófo. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí bàbá rẹ̀ ti fà á jáde nílé ìwé. Wọ́n ní ó wà ní Eleko, ó ń bá ìyá rẹ̀ yan ẹja.

Yan ẹja! Ọmọ tó gbọ́ Faransé ju gbogbo fọ́ọ̀mù tíírì lọ.

Èmi ni mo kọ́ ọ. Mo ní a kì í kọ́ èdè láìkọ́ àṣà tó ni ín. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sẹ́nu ọ̀nà: ẹni tó bá ti dé ìlà yìí, Paris ló dé. Kò sí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. Nàró, wo àgbà lójú, na ọwọ́. Ẹni tó bá kúnlẹ̀, mo yọ máàkì méjì. Orúnkún Sìlífátù ni kì í gbọ́ràn... máàkì méjì, máàkì méjì, títí ó fi jáwọ́. Mo tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Hùn.

Ọjọ́ àwọn òbí wá pé. Bàbá rẹ̀ wọ agbádá, ó wọ bọ́lẹ̀kájà wá sí ilé ìwé wa ní Ajah, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n jọ ń pẹja, kí wọ́n lè gbọ́ Faransé lẹ́nu ọmọ. Lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ọmọ náà nàró, ó na ọwọ́ sí i. "Bonjour, papa."

Ọwọ́ yẹn dúró lófuurufú...

"Èmi lo nawọ́ sí? Sìlífátù, èmi?" Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. "Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Tèmi, ilé ìwé ni wọ́n ti bọ́ ọ lára ọmọ mi!" Ọ̀gá sáré dé: "Ta ló kọ́ ẹ ní ìwàkiwà yìí, ehn?" Ọmọ náà wolẹ̀. Kò dárúkọ mi. Èmi náà ò dárúkọ ara mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló ń bo àgbàlagbà láṣìírí! Ojú ń tì mí.

Àṣà ta ni mo tilẹ̀ ń kọ́ wọn? Èmi tí n kò dé Paris rí. Àjàṣẹ́, lẹ́bàá Kútọnu, ni mo ti kọ́ Faransé mi, nílé Ìyá Dúró tí mo gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń sọ ọ́ geere, wọ́n sì ń kúnlẹ̀ sọ ọ́ fún àgbà. Ojú mi ló ṣe. Àwòrán inú ìwé ni mo wá gbà gbọ́.

Kí n lọ bá wọn ní Eleko? Kí n ní kí ni... Sìlífátù wò mí lọ́jọ́ yẹn. Mo ti ń sọ fún ara mi pé ó fẹ́ kí n gba òun sílẹ̀ ni. Irọ́. Ìjà ò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà tó wò mí. Bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà ni, ọmọ náà ò tíì na ọwọ́ —

Yéè.

Ṣọ́ọ̀kì wà lára ìró mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo gbọ̀n ọ́n dànù, n kò bi ara mi ibi tó ti wá. Èmi ni mo kọ́kọ́ kí bàbá náà, lórí ìlà yẹn gan-an. "Ẹ kú àbọ̀, sà." Orúnkún mi méjèèjì ti wà nílẹ̀ nígbà tí Sìlífátù wò mí, òun nìkan ló nàró bí mo ṣe kọ́ ọ.