Kíka Èrò Nínú Kóòṣì

Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n sin Joel ni ìròyìn dé sí ilé wọn ní Ìjù-Odò pé ilé ẹ̀kọ́ àwọn kọ́ndọ́kítọ̀ ọkọ̀ ojú irin ní Òkìtìpupa ti gba òun àti Juliet àbúrò rẹ̀ wọlé. Orí fóònù ni ìròyìn náà gbà wá. Ìyá wọn kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dá fóònù náà padà fún Juliet.

"Máa lọ," ni ó wí. "Ọ̀kan nínú yín gbọ́dọ̀ lọ."

Kò sí ojú irin ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀ níbi tí Òkìtìpupa wà. Tírélà ló gbé ògbólógbòó kóòṣì kan, yàrá èrò ọkọ̀ ojú irin, wá láti Èkó, wọ́n gbé e ka orí búlọ́ọ̀kù láàárín àwọn igi ọ̀pẹ, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlélógún ni wọ́n. Mẹ́fà péré ni wọn yóò gbà síṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnṣínà, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ ojú irin kó tó fẹ̀yìn tì, ni olùkọ́ wọn.

"Kọ́ndọ́kítọ̀ tí kò mọ iye èrò rẹ̀, ẹrù lòun náà," ni baba náà máa ń wí.

Lójoojúmọ́, mẹ́tàlélógún á jókòó, ẹnì kan á dìde kà wọ́n. Nígbà tó kan Juliet, ó ní mẹ́rìnlélógún.

"Àbí o ka ara rẹ mọ́ wa ni?" Dora, ọ̀rẹ́ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá kọ́ndọ́kítọ̀!"

Juliet kò ka ara rẹ̀. Bàtà ló ń kà. Nílé wọn, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí ìyá wọn bá fẹ́ mọ̀ bóyá gbogbo wọn ti wọlé, bàtà ẹnu ọ̀nà ló máa ń kà. Lábẹ́ àga tó kẹ́yìn, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí, bàtà kan wà, ẹsẹ̀ méjèèjì pé. Bí ó bá gbójú sókè, àga náà ṣófo. Bí ó bá tún wolẹ̀, bàtà náà á ti sún díẹ̀, bíi ti ẹni tó ń wá ibi gbé ẹsẹ̀ sí. Erùpẹ̀ pupa wà lára rẹ̀, erùpẹ̀ ọ̀nà Òde-Ayé, níbi tí Joel ti já bọ́ lórí ọ̀kadà tó sì kú.

Ojú rẹ̀ rí i, ẹnu rẹ̀ kò gbà á sọ. Ẹ̀rù ń bà á. Síbẹ̀, ó ń yá a lára láti kà.

Lọ́sẹ̀ kẹta, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnṣínà pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ mi, orí ni kí o máa kà. Bàtà kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí o bá tún ṣì í lọ́la tí í ṣe ọjọ́ ìdánwò, mi ò ní lè kọ orúkọ rẹ mọ́ àwọn mẹ́fà."

"Ẹ má bínú, sà. Bí mo bá ka orí, ẹnì kan ò ní sí níbẹ̀."

Baba náà kò bi í pé ta ni. "Mo mọ̀," ni ó wí. "Èmi náà ti ka irú èrò bẹ́ẹ̀ rí."

Lọ́jọ́ ìdánwò, oòrùn mú ganrínganrín. Bí Juliet ti dìde, kóòṣì tó wà lórí búlọ́ọ̀kù bẹ̀rẹ̀ sí í mì jẹ́jẹ́, bí ohun tó fẹ́ gbéra. Kò sẹ́ni mìíràn tó fura. Juliet na ìka rẹ̀, ó ń ka orí lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé àga tó kẹ́yìn, ó sọ ìka náà sílẹ̀.

"Mẹ́tàlélógún, sà."

"Ó pé," ni olùkọ́ wí, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. "O ti wà lára àwọn mẹ́fà."

Kóòṣì dúró. Lábẹ́ àga tó kẹ́yìn, pákó ilẹ̀ nìkan ló kù.

Àwọn yòókù sọ̀ kalẹ̀ tariwotariwo. Juliet kò tẹ̀ lé wọn. Láti kékeré ni Joel kì í ti í lè wọkọ̀ láìsí atẹ́gùn; èébì á máa gbé e. Ó rìn lọ sídìí àga náà, ó ti fèrèsé rẹ̀ sókè jẹ́jẹ́, ó sì fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí.