Ara Rẹ̀ Ti Dá Ṣáṣá

“La ẹnu ẹ.”

Àbúrò Nọ́ọ̀sì la ẹnu. Obìnrin náà tẹ̀ síwájú, ó wo abẹ́ ahọ́n rẹ̀, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó wo ti òsì, ó sì rí oògùn méjèèjì níbi tó kó wọn pamọ́ sí, lẹ́yìn eyín tó ti kán láti kékeré. Ogún ọdún ló ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Aláìsàn tó máa fi oògùn pamọ́ mọ́ ọn lójú, wọn ò tíì bí i.

“Gbé e mì.”

“Àǹtí mi, ẹ jẹ́ n sinmi.”

“Mo ní kó o gbé e mì.”

Wọ́dà tó dúró tì wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ-Má-Bínú ni àwọn tó ń wá wo ẹlẹ́wọ̀n ń pè é, torí kò lè ṣe èèyàn níbi kó má fi “ẹ má bínú” ṣáájú rẹ̀. Ẹ má bínú, ẹ bọ́ bàtà yín. Ẹ má bínú, àkókò ti tó. Ẹ má bínú, oúnjẹ yẹn ò gbọdọ̀ wọlé, ẹ fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á sì jókòó ti abọ́ olóúnjẹ. Lọ́jọ́ náà, ó ní kí Nọ́ọ̀sì má bínú, kó fọwọ́ wọ́nú, àmọ́ kó rí i dájú pé ọmọ náà lo oògùn rẹ̀, torí Ọ̀gá Ọgbà fúnra rẹ̀ ti béèrè bí ara rẹ̀ ṣe rí lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Inú Nọ́ọ̀sì dùn sí i. Ó rò pé, ó kéré tán, ẹnì kan wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n yìí tó bìkítà bóyá àbúrò òun ń mí.

Ọdún mẹ́ta ni àbúrò náà ti wà láàárín àwọn tí wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún. Wẹ́dà tó ń jó irin ni. Adájọ́ ní òun ló pa ọkùnrin tó gbé iṣẹ́ géètì fún un. Òun ní òun kọ́, pé òun ti palẹ̀ irin iṣẹ́ mọ́, òun ti lọ sílé kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. A ò fẹ́ tún ẹjọ́ náà dá níbí. Ohun tó dájú ni pé láti ọjọ́ ìdájọ́ ni àwọn aládùúgbò ti mọ bí èèyàn ṣe ń kí ìyá wọn láìdúró, tí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Nọ́ọ̀sì sì ti ṣàdédé rántí pé òun ò tíì ṣetán àtigbéyàwó. Ìdílé náà kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí àwọn tó lágbára láti yí ikú padà sí ẹ̀wọ̀n gbére. Wọ́n ní kí wọ́n máa retí èsì. Gbogbo ohun tí Nọ́ọ̀sì sì ń sá kiri fún kò ju ẹyọ kan lọ: kí àbúrò òun ṣì wà láàyè nígbà tí èsì bá dé.

Ikọ́ ló fẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ikọ́ ife ni. Ọkùnrin tó máa ń fi ọwọ́ kan gbé ilẹ̀kùn irin tẹ́lẹ̀ ti wá gbẹ, kọ́là aṣọ rẹ̀ ti fẹ̀ ju ọrùn rẹ̀ lọ, itọ́ rẹ̀ sì ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Ilé ìwòsàn ọgbà ní ibùsùn kan, àwòrán ọmọ kan tó ń rẹ́rìn-ín nítorí abẹ́rẹ́, àti kọ́bọ́ọ̀dù tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù láyé ìjọba àná. Dókítà tó ni ibẹ̀, Onítáì ni wọ́n ń pè é, torí kò sí oòrùn tó lè bọ́ táì lọ́rùn rẹ̀. Ó sọ fún Nọ́ọ̀sì pé òun ò ní oògùn, àmọ́ bí ará ilé bá lè gbé e wá, ọgbà ò ní kọ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣe é lóore.

Nọ́ọ̀sì bẹ àwọn ọ̀gá tiẹ̀ níbi iṣẹ́ títí wọ́n fi fún un ní oògùn oṣù mẹ́fà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, ó sì mọ̀ pé bí òun bá fi í sílẹ̀ sọ́wọ́ Ẹ-Má-Bínú, ẹsẹ̀ ló máa hù. Ló bá kọ̀wé sí Ọ̀gá Ọgbà pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa wá fún un fúnra òun. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń jẹ́ kí ará ilé rí àwọn tí wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún, ìdajì wákàtí péré. Síbẹ̀ Ọ̀gá fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀: kí Nọ́ọ̀sì máa wọlé láràárọ̀, ní aago méje, kó tó lọ síbi iṣẹ́. Irú àánú bẹ́ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí nínú ọgbà náà. Ìyá wọn kúnlẹ̀ nílé, ó fi orúkọ Ọ̀gá sínú àdúrà rẹ̀.

Ẹni tó ń dènà àánú náà ò ju aláìsàn fúnra rẹ̀ lọ. Ó ń tu oògùn sínú àpò, ó ń tọ́jú rẹ̀ sẹ́yìn eyín, ó ń díbọ́n pé èébì ń gbé òun. Nọ́ọ̀sì ti rí irú wọn rí ní wọ́ọ̀dù, àwọn tí ayé ti sú. Ohun kan náà ló rí lójú àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ tó rí oògùn lẹ́yìn eyín yẹn.

“Ikọ́ yìí ò bá mi jà, Àǹtí mi,” àbúrò rẹ̀ ní. “Èmi àti ẹ̀ ti mọwọ́ ara wa.”

“Ikọ́ tó ń fà ẹ́ lẹ́jẹ̀?”

“Ẹ ṣáà fi wá sílẹ̀.” Ó wo Ẹ-Má-Bínú. Ẹ-Má-Bínú ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wá fi ọ̀rọ̀ ìyá wọn dá a lóhùn. Ó ní láti ọjọ́ tí ìyá ti gbọ́ pé ó ń tu ẹ̀jẹ̀ ni kò ti jẹun gidi mọ́, omi tútù nìkan ló ń gbára lé, pé bó bá wù ú kí ó pa ara rẹ̀, kó má pa ìyá mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà le, ó sì mọ̀ pé ó le. Àbúrò rẹ̀ fi ahọ́n yọ oògùn jáde láti ibi tó wà, ó mu omi, ó gbé e mì, ó sì la ẹnu fún un láìjẹ́ pé ó tún sọ fún un.

“Ẹ sọ fún Màmá pé mo ti lò ó,” ó ní. “Ẹ ní kí wọ́n jẹun.”

Látọjọ́ náà, kò fi ìkankan pamọ́ mọ́.

Oògùn náà jẹ́. Láàárín oṣù kan, ẹ̀jẹ̀ dá. Nígbà tó di oṣù kẹta, ara padà sí i lọ́rùn, ó tún ń dápàárá pé bí wọ́n bá yá òun ní irin iṣẹ́, òun á bá wọn tún géètì wọn ṣe, torí ẹni tó jó o kò mọ iṣẹ́. Ìyá wọn bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Ó tilẹ̀ gbé ṣòkòtò ọmọ rẹ̀ kan jáde, ó fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀gá Ọgbà ránṣẹ́ pe Nọ́ọ̀sì wá sí ọ́fíìsì láti yìn ín. Ọ̀gá kò ní ohun tó fẹ́ràn tó ìmọ́tótó. Ẹ̀rí wà lára ògiri rẹ̀, ìwé ẹ̀yẹ nínú férémù, pé kò sí ọgbà ẹ̀wọ̀n tó mọ́ tó tiẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń kun òkúta ẹnu géètì ní ọ̀dà funfun, àwọn tó ń wúkọ́ pẹ̀lú àwọn tí kò wúkọ́.

Nígbà tó yá, Onítáì gbé òṣùwọ̀n wá. Ó ní kí ọkùnrin náà gun orí rẹ̀, ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kó fẹ̀yìn ti ògiri, ó wọn gíga rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa téèpù yọ nínú àpò, ó sì wọn ọrùn rẹ̀ yíká. Nọ́ọ̀sì dúró níbẹ̀, ó ń mi orí. Ikọ́ ife a máa mú kí kókó so sí ọrùn èèyàn, ìwọ̀nba dókítà ló sì máa ń rántí wò ó. Ó sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú, pé Onítáì tí àwọn ń fojú tín-ín-rín mọ iṣẹ́ ju bí àwọn ṣe rò lọ.

Àbúrò rẹ̀ wò ó títí. “Kókó ọrùn,” ó ní, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì ń lọ, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ́ díẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń gbà á láyè lọ. “Ẹ káre, Àǹtí mi,” ó ní. “Iṣẹ́ yín dáa.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, Ẹ-Má-Bínú kò mú un gba ọ̀nà tí wọ́n ń gbà. Ó ní kó má bínú, Ọ̀gá fẹ́ rí i. Nọ́ọ̀sì sọ pé kí òun kọ́kọ́ fún àbúrò òun ní oògùn, kí òun má pẹ́ débi iṣẹ́. Wọ́dà ní kó má bínú.

Ọ̀gá wà níjòókòó, Onítáì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí yàrá. Ọ̀rá kan wà lórí tábìlì, sálúbàtà àbúrò rẹ̀ àti kóòmù rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá ka ìwé kan jáde láìsinmi, pé wọ́n ti mú ìdájọ́ ṣẹ ní aago márùn-ún àbọ̀ òwúrọ̀ yẹn, nílànà òfin, láìsí wàhálà, àti pé inú ọgbà ni wọ́n sin ín sí, wọn kì í fi ibẹ̀ han ará ilé. Ní aago márùn-ún àbọ̀, Nọ́ọ̀sì ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbọ́ ohun tí wọ́n kà, kò sì tíì yé e. Oògùn ọjọ́ náà ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

“Ìwé ẹ̀bẹ̀ wa ńkọ́?” ó béèrè.

“Èsì ò tíì dé. Ìwé àṣẹ ló kọ́kọ́ dé. Ó ti pẹ́ níbí, ká má parọ́ fún yín. Ikọ́ yẹn ni ò jẹ́ ká rí i ṣe.” Ọ̀gá fi ohùn tí wọ́n fi ń là á yé ọmọdé sọ ọ́. “Òfin ò gbà ká pa aláìsàn. Èèyàn ni wá, a kì í ṣe ẹranko. Dókítà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé ara ẹni náà ti dá ṣáṣá.”

Ó yí fọ́ọ̀mù náà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìlera: pípé. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìwọ̀n rẹ̀, gíga rẹ̀, àti bí ọrùn rẹ̀ ṣe nípọn tó. Nọ́ọ̀sì ti ka fọ́ọ̀mù aláìsàn fún ogún ọdún, ó sì wá kókó ọrùn títí dé ìsàlẹ̀ ìwé náà, kò rí i. Ìgbà náà ni gbogbo rẹ̀ wọlé sí i lára lẹ́ẹ̀kan náà: àánú Ọ̀gá, aago méje àràárọ̀, téèpù tó wọn ọrùn fún okùn, ẹ̀rín àbúrò rẹ̀.

“A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an,” Ọ̀gá ní. “Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin ni, ìwé yìí ì bá ṣì wà nílẹ̀.” Ó ti ìwé ìbùwọ́lù síwájú rẹ̀ fún sálúbàtà àti kóòmù. Ó wá fi kún un pé ọkùnrin kan tún wà ní yàrá kejì tó ń wúkọ́ bẹ́ẹ̀, ìyá arúgbó kan ló ní, tí kò mọ nǹkan kan nípa oògùn; bí ó bá lè fi èyí tó ṣẹ́kù sílẹ̀, á jẹ́ ìrànlọ́wọ́ ńlá. Onítáì mi orí lójú fèrèsé.

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ sí ìwé sálúbàtà. Ó da oògùn ọwọ́ rẹ̀ padà sínú àpò, ó sì jáde.

Lójú ọ̀nà, ó bi Ẹ-Má-Bínú bóyá àbúrò òun mọ̀.

“Ẹ má bínú,” wọ́dà ní. “Gbogbo wọn ló mọ̀. Ẹ̀yin ará ilé nìkan lẹ kì í mọ̀.”

“Ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ dúró tì mí láràárọ̀.”

“Iṣẹ́ ni, Nọ́ọ̀sì.”

Ó wo ojú rẹ̀, ojú ẹni tó sùn dáadáa, ó sì kórìíra rẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni pé ọwọ́ tirẹ̀ náà wà nínú rẹ̀, ọwọ́ tó fi oògùn sí ọmọ ìyá rẹ̀ lẹ́nu ní àràárọ̀. Nílé, ìyá rẹ̀ ti ń jẹun.

Lẹ́nu géètì, ìyá arúgbó kan jókòó lórí àga àwọn tó ń dúró de ìbẹ̀wò, ìgò oògùn ikọ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe rí aṣọ funfun ló dìde.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi tí wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún ni mo gbé e wá fún. Ṣíbí mélòó ni kó máa mu lóòjọ́?”

Nọ́ọ̀sì gba ìgò náà, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ó dá a padà fún un.

“Màmá, ẹ má fún un rárá.”

“Háà. Ikọ́ yẹn á pa á.”

“Bí ara rẹ̀ bá dá ni wọ́n máa pa á. Wọ́n ti pa tèmi láàárọ̀ yìí. Èmi ni mo wò ó sàn fún wọn.” “Ẹ jẹ́ kó máa wúkọ́, Màmá.”

Ìyá arúgbó náà wo Ẹ-Má-Bínú lójú, ó ń dúró kó sọ pé irọ́ ni, wọ́dà náà sì ń wo bàtà ara rẹ̀. Nígbà náà ni ìyá náà ṣí ìdérí ìgò, ó dorí rẹ̀ kodò lẹ́nu géètì, ó sì ń gbọ̀n ọ́n títí gbogbo rẹ̀ fi dà sára òkúta funfun.

“Ẹ má bínú, Màmá,” Ẹ-Má-Bínú ní. “Ẹ ò gbọdọ̀ da nǹkan síbí. Ọ̀gá ò fẹ́ ìdọ̀tí.”