Omi Tí Kì í Jẹ Ọṣẹ

"Láti Fádèyí títí dé etí ọ̀sà, ẹni tí omi rẹ̀ bá mọ́ ju tèmi lọ, kó jáde síta, màá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún un bí ọkùnrin!"

Ìbíyẹmí ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Ó fi ọwọ́ kan lé ìbàdí, ó fi ọwọ́ kejì di ẹnu ẹ̀rọ mú bí ẹni tó di etí ọmọ rẹ̀ mú níwájú tíṣà. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń ta omi ní Abúlé Òkúta: bóòhòlù kan, tánkì dúdú ràgàjì kan lórí òpó irin, ẹ̀rọ mẹ́rin nísàlẹ̀, àti aṣọ funfun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n dì mọ́ ẹnu ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan láti máa sẹ́ ìdọ̀tí.

Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀kúnnúmi, wolé-wolé, ló ń fọ́nnu sí. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọkùnrin náà wọ̀, wọ́n lọ̀ ọ́ débi pé bí eṣinṣin bá bà lé e, á gé e lẹ́sẹ̀. Nǹkan méjì ló kó wá: ìwé àṣẹ àti àgádágodo. Bí omi bá yege, á fọwọ́ sí ìwé. Bí kò bá yege, á ti ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ mẹ́rin yẹn ni Ìbíyẹmí ní láyé. Òun ni ọkọ, òun ni oko, òun ló ń bọ́ Wonder, àkọ́bí rẹ̀, àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì.

"Ìyá ìyá mi," Ìbíyẹmí ń bá a lọ, "odò ló ń pọn. Á da álọ́ọ̀mù sínú ìkòkò, ìdọ̀tí á lọ jókòó sísàlẹ̀. Ìyá mi dé Ṣómólú nígbà tí agbépòó ṣì ń ru ìgbẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Á se omi, á fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ó wá kan èmi, mo gbé tánkì kalẹ̀. Ọ̀làjú dé!"

"Ṣé ẹ ṣì ń fi álọ́ọ̀mù sí i?"

"Rárá o."

"Ṣé ẹ ń fi oògùn sí i?"

"Kí ló ń ṣe é?"

Àwọn tó tò sórí ìlà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì bú sẹ́rìn-ín. Munirat alágbàfọ̀, tó pọn ọmọ sẹ́yìn, jáde láti inú ìlà wá jẹ́rìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

"Ọ̀gá wolé-wolé, omi yìí kì í jẹ ọṣẹ. Tí mo bá lo omi àdúgbò Pedro, màá pa ọṣẹ lára aṣọ títí apá mi á fi fẹ́ẹ̀ yọ. Ti Ìyá Wonder, ẹ kàn fọwọ́ pa á báyìí, ó ti ń hó. Àfi bíi pé wọ́n bí ọṣẹ mọ́ ọn!"

"Ó tún ní adùn kan," ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn, "adùn tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀."

"Omi oríire ni," Ìbíyẹmí dáhùn.

Wolé-wolé ò rẹ́rìn-ín. "Mo fẹ́ mọ bí inú tánkì ṣe rí."

"Hẹn, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dé! Ràmọ́nù pulọ́ńbà ló ń bá mi fọ̀ ọ́. Gbogbo Sátidé tó bá parí oṣù, nígbà tí àwọn kan ń kó gọ́tà, á gun òkè, á wọnú tánkì. Wákàtí méjì gbáko! Ẹ ó máa gbọ́ tó ń kọrin nínú ibẹ̀ bíi Jónà nínú ẹja. Tó bá fi máa sọ̀kalẹ̀, ara rẹ̀ á máa dán, á máa ta sánsán."

Wolé-wolé sọ bírò kalẹ̀. "Ta ló ń ta sánsán? Tánkì ni, àbí Ràmọ́nù?"

"Àwọn méjèèjì," Ìbíyẹmí fi ayọ̀ sọ.

Wolé-wolé gbójú sókè wo àkàbà irin. Ó ní òyì máa ń kọ́ òun. Ìbíyẹmí wò ó tàánú-tàánú, ó sán ìró rẹ̀ mọ́dìí, òun fúnra rẹ̀ sì gun òkè lọ wéréwéré, bí ẹni tó ń lọ gba ẹ̀bùn. Ó ṣí ìdérí.

Òórùn ló kọ́kọ́ kí i. Kì í ṣe òórùn òkú. Ti òkú ì bá sàn. Òórùn balùwẹ̀ ni, balùwẹ̀ ilé oníyàrá méjìlá, ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí gbogbo ayálégbé ti wẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀ wọlé. Nǹkan aláwọ̀ ewé kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tánkì yíká, ó ń yọ̀, ó ń fà bí ọbẹ̀ ilá àná. Ìfófòó ọṣẹ tó ti dà bí eérú léfòó sójú omi. Irun sì wà nínú ìfófòó náà, irun kúkúrú, kíká, irú èyí tí kì í hù lórí. Wọ́n fi wáyà so kànrìnkànrìn kan rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdérí, agolo ọṣẹ dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, rézọ̀ kan tó ti dípẹtà sì há mọ́ ọn. Nísàlẹ̀ omi lọ́hùn-ún, àpótí ìjókòó oníke kan jókòó jẹ́ẹ́ bí àlejò tó ń retí oúnjẹ.

Ẹ̀wà tí Ìbíyẹmí jẹ láàárọ̀ ní òun náà fẹ́ jáde wá wòran. Ó fẹ́ bì í sínú tánkì, ó rántí pé omi mímu ni, ó sáré yí orí padà. Ẹ̀wà bọ́ gbàà sórí ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wà nísàlẹ̀.

"Kí lẹ rí?" wolé-wolé pariwo, ó na apá méjèèjì bí aṣọ tí wọ́n sá.

Ìbíyẹmí rò ó kíákíá. Ẹni tí òyì ń kọ́ ò lè gun òkè wá wò ó.

"Òyì ni," ó ní. "Òyì tó kọ́ ẹ̀yin náà ló kọ́ mi. Inú tánkì mọ́ fínnífínní."

Ẹ̀wà ti ń ṣàn lọ sínú bẹ́líìtì wolé-wolé. Kò fẹ́ ẹjọ́ wẹ́wẹ́ mọ́. Ó tẹ́ ìwé àṣẹ sórí orúnkún, ó gbé bírò láti fọwọ́ sí i.

Àánú ni Munirat fi ba ọ̀rọ̀ jẹ́. "Ìyá Wonder, pẹ̀lẹ́ o! Ẹ sọ̀kalẹ̀ wá mu omi." Ó bu omi kún kọ́ọ̀bù, ó mu ìdajì láti fi han wolé-wolé pé omi náà dára, ó sì na ìyókù sẹ́yìn fún ọmọ tó pọ̀n. Láti òkè, Ìbíyẹmí rí ẹnu ọmọ náà tó là fún kọ́ọ̀bù. Ó rí ìwé. Ó tún rí irun kíká yẹn.

"Má fún un!" Igbe náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó dì í mú. "Ràmọ́nù ń wẹ̀ níbí!"

Munirat wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ọṣẹ ta ni mo ti ń lò láti ọjọ́ yìí?"

Bẹ́ẹ̀ ni èébì bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tò náà ni wọ́n ń bì, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó já ìlà. Àwọn géńdé méjì lọ fa Ràmọ́nù jáde níbi tó ti ń tún páìpù ṣe. Ojú kò tì í rárá.

"Ẹ fara balẹ̀ ná! Ìyá Wonder, ṣé omi mímu ni ẹ ní kí n wọ̀ pẹ̀lú ìdọ̀tí lára? Mo ní láti kọ́kọ́ wẹ̀!"

"Nínú omi náà?"

"Omi wo ló tún wà lókè? Tí mo bá sì fi máa wẹ̀ tán, ó máa ń rẹ̀ mí."

"Irun ńkọ́, ìwọ aláìlójútì?" Munirat ké.

"Ìmọ́tótó náà ni."

Wolé-wolé ya ìwé sí méjì. Ìbíyẹmí sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó ní kó ro ti àwọn ọmọ òun. Àgádágodo dún kọ́. "Ẹ da omi náà nù, ẹ fọ tánkì, ẹ fi oògùn sí i, kí n tún un yẹ̀ wò," wolé-wolé ní. "Ó sì dára tí ẹ sọ òótọ́. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó dára."

"Ṣé ẹ̀yin náà ń mu ún?" obìnrin kan bi Ìbíyẹmí tìbínú-tìbínú.

"Ta ló tún máa mu ún jù mí lọ?" Ìbíyẹmí di ikùn mú, ó kérora. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ni ín. Láti ọdún mẹ́sàn-án, kò fi ẹnu kan omi yẹn rí. Píọ̀ wọ́tà, omi inú ọ̀rá, ló ń rà láti ṣọ́ọ̀bù Adébọ̀wálé ní òdìkejì títì, èyí tí wọ́n ya òkè oníyìnyín sí lára.

Ibẹ̀ náà ni gbogbo wọn rọ́ lọ. Wọ́n fi eyín já ọ̀rá, wọ́n fi ṣan ẹnu wọn, wọ́n tutọ́, wọ́n tún mu. Wolé-wolé fi ọ̀rá méjì fọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó mu mẹ́ta. Munirat fún ọmọ rẹ̀ mu. Ìbíyẹmí fa tirẹ̀ gbẹ, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Èyí gan-an lomi."

Adébọ̀wálé yọ láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ń ti báròò tí òfìfo kẹ́ẹ̀gì kún fọ́fọ́, ó sì forí lé ọ̀dọ̀ tánkì. Ó rí àgádágodo, ó dúró.

"Ẹ bá mi ṣí i díẹ̀," ó ní. "Mi ò tíì pọn omi tí n ó rọ sínú ọ̀rá lọ́la."