Ilẹ̀kùn Yàrá Àpèkẹ́ ní Kúje

Ìgbà kẹfà rèé láàárín ọdún kan tí Ọbáfẹ́mi ń fi ìfági fá ilẹ̀kùn yàrá Àpèkẹ́. Ó kúnlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ní Kúje l'Ékòó, òjò oṣù keje ọdún 1979 ń lu páànù lórí rẹ̀. Ní ìparí oṣù náà ni yóò fẹ̀yìn tì nídìí ọkọ̀ ìjọba tó ti ń wà láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, tí yóò sì kó jáde nínú ilé ìjọba. Yàrá mẹ́jọ yìí, mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, ni gbogbo ohun tó fi agbára rẹ̀ kó jọ. Yàrá méje ti ṣófo. Bí Àpèkẹ́ aránṣọ náà bá lọ, kò sí owó ilé tí òun àti Rosaline ìyàwó rẹ̀ yóò máa jẹ.

"Bàbá onílé, ẹ rọra o," ni Àpèkẹ́ wí látìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "Bí ẹ bá fá a tán, kọ́tìnì lẹ máa ta síbẹ̀ fún mi."

"Fi mí sílẹ̀, ọmọ mi. Ó kù díẹ̀ kó wọlé."

"Ohun tí ẹ sọ lóṣù tó kọjá nìyẹn, sà."

Àsìkò ọyẹ́ ni Ọbáfẹ́mi ra ilẹ̀ náà, lọ́dún 1976. Ilẹ̀ le gbagidi lábẹ́ bàtà rẹ̀. Bàbá Ògúnjìnmí, apẹja, ọmọ bíbí Kúje, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Dírẹ́bà, dá owó rẹ padà sápò. Wá wo ibí lóṣù keje, àbàtà ni. Bó bá ṣì wù ọ́ nígbà yẹn, rà á, kó o sì da yanrìn sí i dáadáa."

Ta ló fẹ́ dúró di oṣù keje? Wọ́n ń kọ́ Festac lọ́wọ́, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń wá yàrá kiri. Owó yanrìn yóò kọ́ yàrá méjì. Lẹ́búlẹ́bú pákó ń bẹ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Ẹni tó máa kó o kúrò ni wọ́n ń wá. Ọbáfẹ́mi kó o dà sínú àbàtà náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó fi yanrìn díẹ̀ bò ó lójú, ó sì to búlọ́ọ̀kù lé e. Dípò yàrá mẹ́fà, ó kọ́ mẹ́jọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n kan páànù, ó ń fi àwọn tó ń ri owó yanrìn mọ́lẹ̀ rẹ́rìn-ín nínú ọkàn rẹ̀.

Lábẹ́ ilé, lẹ́búlẹ́bú ń jẹrà. Òjò àkọ́kọ́ dé, ilẹ̀kùn kan ń ha ilẹ̀. Ó ra ìfági. Ògiri sán, ó fi sìmẹ́ǹtì dí i, ó kùn ún. Nígbà tí ògiri yàrá Tàjúdéènì, ọ̀kan lára àwọn ayálégbé, sán débi tí odindi ọwọ́ ń wọ inú rẹ̀, Tàjúdéènì kó lọ, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e.

Ọbáfẹ́mi gbé ilẹ̀kùn dúró. Ó wọ férémù. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yí kọ́kọ́rọ́. Irin inú rẹ̀ ta pákó. Ihò tó yẹ kó wọ̀ ti lọ sísàlẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì. Ó fi èjìká tì í. Sìmẹ́ǹtì já bọ́ látòkè sórí léèsì oníbàárà.

Àpèkẹ́ dìde. Kò pariwo.

"Ẹ̀gbọ́n mi ti rí yàrá fún mi ní Satellite Town. Ọ̀la ni mò ń kó."

"Jọ̀ọ́, máa gbé ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí àwọn tó ń wá yàrá ṣáà rí i pé ènìyàn wà níbẹ̀."

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lè sùn síbẹ̀?"

Àpèkẹ́ na kọ́kọ́rọ́ kejì, èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, sí i. "Ẹ gbà. Kò kúkú ti nǹkan kan."

Ọbáfẹ́mi lọ pe Bàbá Ògúnjìnmí. Baba náà ti ọ̀pá irin bọlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọ̀pá wọlẹ̀ tán. Ohun tó bá a jáde tutù, ó dúdú, ó ń rùn.

"Bí mo bá wá yanrìn nísinsìnyí ńkọ́, Bàbá?"

"Abẹ́ ilé ni yanrìn ń gbé, Dírẹ́bà. O ti gbé ilé lé ibẹ̀. Tètè wó o, kó o lè rí búlọ́ọ̀kù díẹ̀ tà. Bó ò bá wó o, á wó fúnra ẹ̀."

Kò wó o. Lọ́jọ́ tí oṣù parí, lọ́rì já ẹrù wọn sílẹ̀ nínú òjò. Rosaline dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìkòkò lórí, omi ń ro lára rẹ̀.

"Yàrá wo là ń wọ̀?"

Ọbáfẹ́mi wo ilẹ̀kùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. "Èyí tó bá wù ọ́."

Rosaline wọ yàrá Àpèkẹ́, ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ṣí padà. Ó tún tì í. Ilẹ̀kùn tún ṣí. Ọbáfẹ́mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé búlọ́ọ̀kù kan tó já lára ògiri rẹ̀, ó sì fi dí ilẹ̀kùn náà.